Olíkóyè Ransome-Kuti, Oníṣègùn Ọmọdé tí ó di Mínísítà

Kò sí ẹ̀ka ìjọ wa kan, láti Abẹ́òkúta títí dé Adjamé, tí a kò ti bá ìyá kan sunkún ọmọ rí. Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà, ìgbẹ́ gbuuru, èéyi àti ibà a máa kó ọmọ lọ kí wọn tó pé ọdún márùn-ún, a ó sì sọ pé àbíkú ni wọ́n. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti fi yé ènìyàn pé púpọ̀ nínú ikú wọ̀nyí ni a lè dá dúró, àti pé ohun tí a ó fi dá wọn dúró kò wọ́n.

A bí Olíkóyè ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1927. Ilé àlùfáà àti ti olùkọ́ ni a bí i sí. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ni ó kọ orin Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun, ṣe ọ̀gá ilé-ìwé gíga ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn náà ní Abẹ́òkúta. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ni ó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n dìde lòdì sí owó-orí ní àwọn ọdún 1940. Fẹlá olórin àti Beko, tí òun náà di oníṣègùn, jẹ́ àbúrò rẹ̀.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Trinity College, Dublin, ó sì jáde ní 1954. Lẹ́yìn tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó padà sí ìlú Òyìnbó láti mọ ìtọ́jú ọmọdé dáradára. Ní 1967 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, níbi tí ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé. Ní ilé ìtọ́jú kan ní òpópónà Gbájà, ní Sùúrùlérè, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa yẹ ọmọ wò, láti máa tọ́jú àìsàn tí ó wọ́pọ̀, àti láti mọ èyí tí ó yẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí dókítà. Ibẹ̀ ni ó ti rí i dájú pé bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá nìkan ni a ń kọ́, ọmọ tálákà yóò ti kú kí ó tó débẹ̀.

Ní 1985 ìjọba ológun pè é láti wá ṣe Mínísítà Ètò Ìlera ní Nàìjíríà. Ìpè yìí kì í ṣe ohun kékeré fún ọmọ ilé náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ti kọlu ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ti ìyá wọn láti ojú fèrèsé sí ìsàlẹ̀. Ìyá náà kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1978. Síbẹ̀ Olíkóyè gba iṣẹ́ náà. Ní 1992, nígbà tí ó ṣì wà ní ipò, ìjọba kan náà fi Beko àbúrò rẹ̀ sí àtìmọ́lé nítorí ìjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a lẹ́bi lè rí ìdí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí onítọ̀hún kọ́kọ́ wo ohun tí ó fi àga náà ṣe.

Ó gbé ìtọ́jú ìlera lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, kí ó lè sún mọ́ ìletò. Ó kọ́ àwọn ìyá láti máa fi omi, iyọ̀ àti ṣúgà tí a wọ̀n gba ẹ̀mí ọmọ tí ń ṣu gbuuru là. Ó gbèjà ọmú ìyá lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò wàrà inú agolo. Ó tan abẹ́rẹ́ àjẹsára kálẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi kéde ní 1990 pé ó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó ju 80 lọ nínú 100. Ní 1988 Nàìjíríà ní ìlànà ètò ìlera fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1989 òfin jáde lórí àwọn oògùn tí ó ṣe kókó.

Ẹ̀yin ará wa ní Adjamé, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀ràn oògùn yìí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọjà Roxy ti lókìkí fún oògùn tí a ń tà nínú oòrùn láìsí àṣẹ. Ní 1990, ọdún kan lẹ́yìn òfin Olíkóyè, ọmọ 47 kú ní Jos nítorí oògùn ibà olómi tí májèlé wà nínú rẹ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró ti ìyá nídìí àtẹ kí ó bá a yẹ ìgò wò.

Fẹlá kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997. Ní àkókò náà, ìdílé a máa fi àrùn éèdì pamọ́ bí ẹni fi olè pamọ́. Ní ọjọ́ kejì, Olíkóyè dúró níwájú àwọn oníwèé-ìròyìn, ó sì sọ gbangba pé àrùn náà ni ó fa ikú àbúrò òun. Kò sí òfin tí ó fi ipá mú un. Ó mọ̀ pé ìtìjú tí ìdílé òun bá gbà mọ́ra yóò ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti bọ́ lọ́wọ́ ikú. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni àwọn onímọ̀ pàdé ní Abidjan fún àpérò ńlá ti Áfíríkà lórí àrùn yìí.

Olíkóyè sùn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2003, ní ẹni ọdún 75. Ní ọdún náà gan-an, ìwádìí fi hàn pé ọmọ 13 péré nínú 100 ni ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó yẹ ní Nàìjíríà. Ilé tí ẹnì kan kọ́, bí àwọn ará ilé kò bá tún un ṣe, òjò yóò wó o. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ tí a dá; ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe fi owó ọkọ̀ dù wọ́n; ẹ̀yin alàgbà, ẹ béèrè ìwé àjẹsára bí ẹ ti ń béèrè orúkọ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọkùnrin náà kò ní bá a wọ ibojì.