Imoudu: Oníṣẹ́ irin Èbúté Mẹ́ta tó dá ọkọ̀ ojú irin dúró fún ọjọ́ 44

Ọkọ̀ ojú irin kò gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá rí. Nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Ìddó lọ́dún 1896, Abẹ́òkúta ni wọ́n darí rẹ̀ sí kí wọ́n tó gbé e dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí ọ̀nà náà ní oṣù kẹta ọdún 1901. Ará Òdògbólú tàbí Ìjẹ̀bú-Òde tó bá fẹ́ wọ rélùwéè ní láti kọ́kọ́ wá ọ̀nà dé Èkó, Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó ti padà sílé sí abúlé ló jẹ nínú ìjà tí oníṣẹ́ irin kan jà ní Èbúté Mẹ́ta. Michael Athokhamien Imoudu lorúkọ rẹ̀.

Ọdún 1902 ni wọ́n bí i ní ìlú Ọ̀rà, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Ọmọ ogun ni bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di ọmọ òrukàn, ọwọ́ àwọn ẹbí ló sì ti lọ sí ilé ìwé títí tó fi ṣe tán ní Agbor. Lọ́dún 1928 ló dé Èkó. Ó ṣe lébìrà, ó bá wọn ṣiṣẹ́ wáyà tẹligíráàmù, kó tó rí iṣẹ́ sí rélùwéè lọ́dún 1929. Wọ́n fi í sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Èbúté Mẹ́ta, kó wá kọ́ṣẹ́ táánà.

Àwọn ọ̀dọ́ òde òní lè má mọ ohun tí iṣẹ́ táánà jẹ́. Ẹ́ńjìnnì ìgbà náà kì í mu epo. Omi ni wọ́n ń rọ sínú àgbá irin gbọ̀ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á wá ko èédú sí i nídìí, wọ́n á dáná sí i. Bí omi bá hó, ooru rẹ̀ tí kò rí ibi sá gbà ni yóò máa ti ọ̀pá irin kan síwá sẹ́yìn nínú ihò rẹ̀, ọ̀pá irin yẹn ni yóò sì máa yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí irin náà kò bá bá ihò rẹ̀ mu rẹ́gí, ooru á jò dànù, ọkọ̀ á kàn máa mí hẹlẹhẹlẹ ni, kò ní lè gun òkè. Iṣẹ́ táánà ni pé kó gbé irin sórí ẹ̀rọ tó ń yí i bírí, kó sì máa fi irin mímú fá a títí yóò fi bá ìwọ̀n mu. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe iṣẹ́ òpè.

Èédú tí ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ń jẹ, láti ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń kó o wá tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1909 ni wọ́n rí èédú nínú ilẹ̀ ní agbègbè Udi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní Enugu lọ́dún 1915. Rélùwéè ni oníbàárà wọn tó tóbi jù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ará Enugu bá daṣẹ́ sílẹ̀, ará Èbúté Mẹ́ta máa mọ̀ ọ́n lára.

Ọdún 1931 ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọrọ̀ ajé gbogbo ayé ti dẹnu kọlẹ̀, ni àwọn aláṣẹ rélùwéè bá ní wákàtí wákàtí làwọn yóò máa ka owó fún oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí kò bá sí iṣẹ́ fún lọ́jọ́ náà, kò lówó. Èyí ló mú kí wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1940 tí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin, Imoudu ti di ààrẹ wọn.

Ogun Hitler dé, ọjà sì gbówó lórí. Àwọn aláṣẹ ń fi agbára díye lé oúnjẹ, títí kan gàrí tí wọ́n ń kó láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wọ Èkó, ṣùgbọ́n owó oṣù kò kúrò lójú kan. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1941, wọ́n ti àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ta. Imoudu kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sẹ́yìn, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti Èbúté Mẹ́ta gba orí afárá Carter lọ bá Gómìnà Bernard Bourdillon nílé rẹ̀. Gómìnà gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n fagi lé owó oníwákàtí, wọ́n sì fún wọn ní owó àfikún nítorí ọ̀wọ́n ọjà.

Àwọn aláṣẹ kò gbàgbé. Ní oṣù kìíní ọdún 1943, wọ́n lé e níṣẹ́, wọ́n sì fi òfin ogun mú un lọ sí ẹ̀wọ̀n Benin. Láti ibẹ̀, wọ́n fi í pamọ́ sí Auchi, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 1945 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èrò ló jáde lọ pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ tó padà wọ Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà.

Kò tó oṣù kan tí ìyanṣẹ́lódì ńlá fi bẹ́ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń bèèrè fún ṣílè méjì àti sísì lóòjọ́, ó kéré tán, àti ìdajì lórí owó àfikún wọn. Òṣìṣẹ́ tó lé ní 30,000 ló daṣẹ́ sílẹ̀. Iná kú nínú ẹ́ńjìnnì, lẹ́tà kò lọ, tẹligíráàmù kò dún. Ọjọ́ 44 gbáko ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ l'Ékòó. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies tí ìjọba gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà sì ní kí wọ́n fi ìdajì kún un fún wọn lóòótọ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun kékeré lèyí: ó ṣì ku ọdún 15 kí a tó gba òmìnira.

Àwọn ará Enugu kò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn awakùsà níbi ìwakùsà Iva Valley, òṣìṣẹ́ 21 ló kú.

Imoudu ní àléébù tirẹ̀. Kò mọ bí a ṣe ń rọ ọ̀rọ̀ lójú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ẹgbẹ́ tó bá dá sílẹ̀ sì ń pín sí méjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òun àti Haroun Adébọ́lá, tí òun náà wá láti rélùwéè, fi ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ó rántí pé lọ́dún 1964, wọ́n parapọ̀. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Adéyinká Morgan ti yẹ ọ̀rọ̀ owó oṣù wò, ìjọba kò sì tètè gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ọjọ́ 13 ni iṣẹ́ fi dúró káàkiri Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún náà, tí ìjọba Balewa fi gbà láti jókòó bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìjọba ológun fòfin dè é lọ́dún 1977 pé kò gbọdọ̀ ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́. Ó wá lọ bá wọn ṣòṣèlú nínú ẹgbẹ́ PRP. Nígbà tó yá, ìjọba ológun mìíràn fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òṣìṣẹ́ tó wà ní Ìlọrin.

Ọkùnrin yìí pẹ́ láyé ju ẹ́ńjìnnì tó ń tún ṣe lọ. Láti àárín ọdún 1950 sí 1959 ni ọkọ̀ tó ń mu dísù ti ń gba ipò oníná èédú, títí tí wọ́n fi pa wọ́n tì. Ní Jámánì, tí wọ́n fẹ́ wó ibi ìwakùsà èédú Zollern ní Dortmund lọ́dún 1969, wọ́n gbà á là nítorí ilé ẹ̀rọ rẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú Imoudu. Ó di ilé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lọ wò. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹgbẹ́ aládàáni kan tó ń jẹ́ Legacy ló tún Jaekel House ṣe nínú ọgbà rélùwéè Èbúté Mẹ́ta, ilé òyìnbó tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1898, tí wọ́n sì kó àwòrán àtijọ́ síbẹ̀. Ilé ọ̀gá rélùwéè ni wọ́n kọ́kọ́ rántí tún ṣe.

Imoudu kú lọ́jọ́ 22 oṣù keje ọdún 2005, lẹ́ni ọdún 102. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ọ̀nà irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta náà ló sì gbà. Ìjọba fi orúkọ èèyàn sọ àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀: ti Èbúté Mẹ́ta ń jẹ́ Mobọ́lájí Johnson, ti Abẹ́òkúta ń jẹ́ Wọlé Ṣóyínká, ti Mọníyà ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn gómìnà àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀. Kò sí èyí tó ń jẹ́ Imoudu.