Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther fún Àwa Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọlé

Ẹ̀yin JSS 1 tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sunkún lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Kí ojú má tì yín. Nígbà tí èmi náà wà ní JSS 1, ẹ̀yìn táńkì omi ni mo máa ń sá lọ láti lọ sunkún. Èmi nìkan ni mo ń sọ Yorùbá nínú yàrá wa. Tí àwọn tó kù bá ń sọ Hausa tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń rò pé èmi ni wọ́n ń bú. Lọ́jọ́ kan, tíṣà Yorùbá wa rí mi níbẹ̀. Wọn ò bá mi wí rárá. Wọ́n kàn ní kí n lọ ka ìtàn Àjàyí Crowther. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí Àjàyí ní Òṣogùn, ìlú kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní. Gbogbo wa mọ̀ pé ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé là ń pè ní Àjàyí. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Àfàlá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní 1821, bí àwọn ìyá ṣe ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ogun wọ ìlú. Wọ́n kó Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n so wọ́n lókùn mọ́ra. Ọmọ bí ọdún 12 tàbí 13 ni nígbà yẹn. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ wa ni!

Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé Èkó. Ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ débi pé ayé sú u pátápátá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí tó ń kó ẹrú. Àmọ́ ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon lé wọn bá, ó sì gbà wọ́n sílẹ̀. Ọkọ̀ yìí ló gbé wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Òmìnira dé, ṣùgbọ́n kò sí ìyá, kò sí bàbá, kò sì gbọ́ èdè ibẹ̀.

Ibi tó wù mí jù nínú ìtàn náà nìyí. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí Àjàyí kọ́kọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́, bó ṣe ń darí bọ̀, ó lọ tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ìlú rẹ̀ kan kó lè fi ra káàdì ABD tirẹ̀. Kò dúró kí ẹkún tán kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ ìwé kà, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà mọ́ ọn. Ní 1825 wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ó lọ sí Ìlú Ọba fún ìgbà díẹ̀ ní 1826. Nígbà tí wọ́n dá Fourah Bay College sílẹ̀ ní 1827, òun ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di tíṣà, ó sì fẹ́ Susan, tí òun náà jẹ́ ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tó sì di olùkọ́.

Ní 1841, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ wá sí Odò Ọya, Crowther sì bá wọn lọ. Ibà pa nǹkan bí 40 nínú àwọn òyìnbó tó wà nínú ìrìn àjò yẹn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún lọ ní 1854, Dókítà Baikie ní kí wọ́n máa lo oògùn kínínì lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí ibà pa nínú wọn. Odò kan náà ni o, ìtọ́jú ara ló yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ká nẹ́ẹ̀tì yín sókè torí pé ooru ń mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí. Kí ẹ sì má fi àìsàn pamọ́ fún nọ́ọ̀sì.

Ní 1843, Crowther di àlùfáà, ó sì tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ó padà sí ilẹ̀ Yorùbá, ó gba Badagry dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ìyá rẹ̀ wá a wá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń wo ara wọn, omijé ń bọ́, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń ka oṣù mẹ́ta bíi pé ọdún mẹ́ta ni, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ nígbà tí mo dé ibẹ̀ yẹn.

Àwa tí a máa ń gba Jẹ́bà kọjá tí bọ́ọ̀sì bá ń gbé wa bọ̀ láti ilé, ẹ gbọ́ eléyìí. Ní 1857, ọkọ̀ Dayspring tí Crowther wà nínú rẹ̀ forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì bàjẹ́. Wọ́n há síbẹ̀. Crowther ò jókòó kó máa ráhùn. Ó ń rìn káàkiri láàrin àwọn Nupe, ó sì kọ ìwé nípa èdè wọn lẹ́yìn náà. Ọdún 1857 kan náà ni ìwé tó fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Ìgbò jáde. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Oníṣà àti ní Lọ́kọ́ja. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn nínú ìjọ Áńgílíkà. Òun ló ṣe olórí iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Herbert Macaulay tí a kọ́ nínú Social Studies.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dùn títí dé òpin. Ní 1890, nígbà tó ti darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó kan fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn ún gan-an. Ó kú sí Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ ká máa kọ èdè wa sílẹ̀ lónìí, títí kan ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Ìkíní, ilé sísọni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ẹ má dá ẹkún sun. Ẹ sọ fún mátírọ́ọ̀nù, tàbí tíṣà, tàbí ọ̀kan nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́. Ìkejì, tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìdíje àròkọ, bọ́ọ̀lù, tàbí ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tètè kọ ọ́, kí ẹ má dúró de ìgbà tí ara yóò mọ́lé. Ìkẹta, ẹ sùn ní àsìkò oorun, ẹ jẹ oúnjẹ ilé oúnjẹ, gààrí nìkan ò lè gbé yín. Ìkẹrin, ẹ kọ́ èdè àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Mo ti ń gbọ́ Hausa díẹ̀díẹ̀ báyìí. Ẹ sì wá wò ó, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, kì í ṣe èmi. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rẹ́ mi jù lónìí, èmi náà sì ń kọ́ ọ ní Yorùbá.

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé wa, lẹ́yìn kíláàsì. Ẹ̀yin JSS 1, mo ń retí yín o.