William James West (1793–1848)

Oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni William James West. Ìlú Tonbridge ní agbègbè Kent ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí kì í bá ṣe ti lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó kọ ní ọdún 1841, bóyá ni ẹnikẹ́ni ì bá mọ orúkọ rẹ̀ lónìí.

James Edwin, ọmọkùnrin tirẹ̀ gan-an, ni lẹ́tà náà dá lé lórí. Ara ọmọ náà le koko nígbà tí wọ́n bí i ní ọdún 1840. Nígbà tí ó di ọmọ oṣù mẹ́rin ni baba rẹ̀ ṣàkíyèsí pé orí rẹ̀ a máa tẹ̀ síwájú díẹ̀. Kò pẹ́ tí títẹ̀ yìí fi le sí i: orí ọmọ a lọ sílẹ̀ lójijì, orúnkún rẹ̀ a ká wá sókè, ara a tún dẹ̀, a sì tún ká jọ, nígbà mìíràn a ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Gìrì tí àwọn abiyamọ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sábà máa ń bá ibà rìn. Irú èyí kò dúró de ibà. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ jù ni pé ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì lè gbé orí ara rẹ̀ dúró.

West lo gbogbo ohun tí ìṣègùn ayé ìgbà náà ní. Ó fi eṣúṣú fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó fi ohun tútù sí i lórí, ó fún un ní oògùn tí ń mú ni yàgbẹ́, ó la èrìgì rẹ̀, ó fún un ní ópíọ̀mù. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Nígbà náà ni ó gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sọ́dọ̀ Charles Clarke àti Charles Locock. Àwọn méjèèjì dá àrùn náà mọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ni Clarke tíì rí, méjì sì ni Locock rí. Nítorí títẹ orí ba ni Clarke ṣe fi sálámù, ìkíni àwọn ará ìlà-oòrùn, sọ àrùn náà lórúkọ.

West kò fi ìkùnà ìtọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ó kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet, ó ń bẹ àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí ẹni tí ó bá mọ nǹkan sọ ọ́. Ìgboyà kékeré kọ́ nìyẹn fún baba tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìnira. Ìrànlọ́wọ́ tí ó ń wá kò dé títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní ọdún 1848. Ilé ìtọ́jú Earlswood ni James Edwin wà nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1860.

Àpèjúwe inú lẹ́tà náà péye tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìgbà tiwa fi pe oríṣi wárápá ọmọ ọwọ́ yìí ní àrùn West. Ní ọdún 1952 ni Frederic àti Erna Gibbs ní Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe bí iná ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí rúdurùdu lórí ẹ̀rọ. Ọdún 1958 ni àwọn oníṣègùn ní Bẹ́ljíọ̀mù kéde pé omi ara kan tí wọ́n ń pè ní ACTH lè dá àrùn náà dúró lára ọmọ. Ọdún 98 ti kọjá lórí ikú James Edwin nígbà náà.