Coningham, ọ̀gá ológun tó kọ́kọ́ kó bàálù ogun dé Kano, tí òun náà sì bá bàálù sọnù

Ẹni tó bá ń ná ọjà Arzèkè mọ̀ pé ọ̀nà Kano kì í ṣe ọ̀nà ọjọ́ kan. Àwọn awakọ̀ tó ń gbéra láti Banikanni wa níbí lè sọ iye ìgbà tí táyà fọ́, àti iye ìgbà tí wọ́n sun ẹ̀gbẹ́ títì kí ẹrù tó dé. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí rin ọ̀nà tó jìn ju èyí lọ kó tó dé Kano. Íjíbítì ló ti wá, ní ọdún 1925. Kò gun ràkúnmí, kò sì wọ ọkọ̀ ojú irin. Bàálù ogun mẹ́ta ló kó wá, ó sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sílé láì pàdánù ọ̀kan. Arthur Coningham ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tó lé díẹ̀ ní ọdún 22 lẹ́yìn náà, bàálù tó gbé òun fúnra rẹ̀ sọnù lórí òkun.

Ìlú Brisbane ní ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 19, oṣù Kìíní, ọdún 1895. Bàbá rẹ̀ mọ kíríkẹ́ẹ̀tì gbá débi pé ó ṣojú orílẹ̀-èdè Ọsirélíà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá náà kò mọ́, ó sì ṣẹ̀wọ̀n nítorí owó olówó. Ilẹ̀ New Zealand ni ọmọ náà dàgbà sí. Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914, ó wọṣẹ́ ológun, ó sì wà lára àwọn tó lọ gba erékùṣù Samoa lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì. Àìsàn ibà táífọ́ọ̀dù dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní kò lè ṣiṣẹ́ ológun mọ́, wọ́n dá a padà sílé. Ẹlòmíràn ì bá ti dúpẹ́ pé òun bọ́ lọ́wọ́ ikú. Coningham ní tirẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lọ kọ́ bàálù wíwà. Kí ogun tó parí ní ọdún 1918, ó ti já ọ̀pọ̀ bàálù àwọn ọ̀tá bọ́ lókè ilẹ̀ Faransé, òun náà fara gbọgbẹ́, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀gá ikọ̀ bàálù kan.

Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti jẹyọ. Nítorí pé New Zealand ló ti wá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Maori, orúkọ ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà. Ahọ́n yí orúkọ náà títí tó fi di Mary. Ọkùnrin gìrìpá, ọ̀gá ológun, tí gbogbo ayé ń fi orúkọ obìnrin pè! Kò bínú sí i o. Orúkọ náà ló ń jẹ́ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ títí dọjọ́ ikú.

Ká wá sórí ọ̀rọ̀ Kano. Lẹ́yìn ogun yẹn, àwọn ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mọ̀ bóyá bàálù lè gba àárín Áfíríkà kọjá láti Íjíbítì dé Nàìjíríà, kí ìhà kan lè ran ìkejì lọ́wọ́ bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀. Coningham ni wọ́n yàn láti ṣáájú. Bàálù mẹ́ta irú èyí tí wọ́n ń pè ní DH.9A ni wọ́n lò. Ẹ má ṣe fi bàálù òde òní wé e. Igi àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe ìyẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ méjì ló wà lórí ara wọn, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní. Ẹni méjì ló ń jókòó nínú rẹ̀, kò sí òrùlé lórí wọn, oòrùn ń pa wọ́n, iyanrìn ń fẹ́ sí wọn lójú. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè, ibi tí bàálù bá ti rí ilẹ̀ ni yóò balẹ̀ sí, bó jẹ́ pápá, bó jẹ́ igbó ẹlẹ́gùn-ún.

Wọ́n gbéra ní Helwan lẹ́bàá ìlú Cairo ní ìparí oṣù Kẹwàá, ọdún 1925. Wọ́n gba Khartoum àti El Fasher ní Sùdáànì, wọ́n wọ ilẹ̀ Chad tó wà lábẹ́ Faransé nígbà náà, wọ́n dé Fort-Lamy, ìyẹn ìlú tó ń jẹ́ N'Djamena lónìí, kí wọ́n tó wọ Maiduguri. Àwọn ibi tí wọ́n máa balẹ̀ sí ni wọ́n ti gbé epo sílẹ̀ dè wọ́n. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kọkànlá, wọ́n balẹ̀ sí Kano. Ìbalẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn kà sí ìgbà àkọ́kọ́ tí bàálù fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ ronú ohun tí yóò jẹ́ lójú ẹni tí kò rí bàálù rí. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, bàálù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti padà dé Cairo. Wọ́n fún Coningham ní oyè nítorí rẹ̀. Lójú tiwa, oyè kọ́ ni pàtàkì ibẹ̀. Pàtàkì ibẹ̀ ni pé wọ́n ti mọ ọ̀nà náà, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí ọ̀nà yẹn máa gba ogun kan là.

Ọjọ́ náà dé ní ọdún 1940. Ítálì wọ ogun àgbáyé kejì ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Òkun Mẹditaréníà sì di ibi tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbà kọjá bó ṣe wù ú. Báwo ni bàálù ṣe máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun tó wà ní Íjíbítì? Wọ́n rántí ọ̀nà Kano. Inú àpótí ńláńlá ni wọ́n di bàálù sí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí èbúté Takoradi ní Gold Coast, ìyẹn Gáánà òde òní. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀, tí awakọ̀ á gbé e gba Èkó, Kano, Maiduguri, Fort-Lamy àti Khartoum lọ sí Cairo. Ìrìn náà tó nǹkan bíi 6,000 kìlómítà. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1940 ni àwọn àkọ́kọ́ gbéra: bàálù Blenheim kan ló ṣáájú, Hurricane mẹ́fà tẹ̀ lé e, nítorí ẹni kan ṣoṣo ló ń wà nínú Hurricane, kò sì sí ẹni tó máa bá a wo máàpù. Àwọn ará Poland tí ogun lé kúrò nílùú wọn náà wà lára àwọn awakọ̀ tó ń gbé bàálù gba ọ̀nà yìí. Kí ogun tó parí, bàálù tó gba ibẹ̀ kọjá ju 4,000 lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ tiwa níhìn-ín. Àárín Gold Coast àti Nàìjíríà, Togo àti Dahomey ló wà, àwọn méjèèjì sì wà lábẹ́ ìjọba Faransé ti Vichy, tó ti gbà fún Jámánì. Títí di ìparí ọdún 1942 ló fi rí bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kọṣẹ́ láàárín Accra àti Èkó mọ̀ pé bí òun bá balẹ̀ sí Lomé tàbí Kútọnu, ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ni òun bọ́ sí. Chad nìkan ló yàtọ̀. Félix Éboué, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ gómìnà ibẹ̀, kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1940 pé ọ̀dọ̀ de Gaulle ni òun wà. Bí kì í bá ṣe ti Éboué ni, ọ̀nà náà ì bá gé sí ẹnubodè Nàìjíríà. Àwọn ará Jámánì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1942, bàálù wọn kan ṣoṣo fò la aṣálẹ̀ kọjá, ó ju bọ́ǹbù sí Fort-Lamy, ó sì dáná sun epo tó wà níbẹ̀. Epo tan nínú òun náà nígbà tó ń padà, àfìgbà tí wọ́n wá a kàn nínú iyanrìn.

Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń to nǹkan: ní oṣù Keje ọdún 1941, Coningham fúnra rẹ̀ ni wọ́n rán lọ sí Íjíbítì láti di ọ̀gá àwọn bàálù tó ń jà nínú aṣálẹ̀. Ẹni tó la ọ̀nà ló wá ń jẹ èrè ọ̀nà. Ó pa àgọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ ọ̀gá ọmọ ogun ilẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa gbèrò. Ṣùgbọ́n kò gbà kí ọ̀gá ọmọ ogun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa pín bàálù mọ́wọ́ bí ẹni ń pín ẹran iléyá. Ẹnì kan ni kó máa darí gbogbo wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ lé bàálù ọ̀tá kúrò lójú ọ̀run, kí wọ́n tó wá dojú kọ ohun tó wà nílẹ̀. Ìlànà yìí ló ran àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ nígbà tí Rommel ń lé wọn bọ̀ ní ọdún 1942, òun ló sì ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun ní El Alamein. Wọ́n fi í joyè Sir lọ́dún náà.

Ẹnu rẹ̀ mú o. Ní Tùnísíà ní oṣù Kẹrin ọdún 1943, Patton, ọ̀gágun ará Amẹ́ríkà, ráhùn pé bàálù kò dáàbò bo àwọn ọmọ ogun òun. Coningham fi èsì ránṣẹ́ tó dà bí ẹni pé ó ń pe àwọn ará Amẹ́ríkà ní ojo, ó sì fọ́n èsì náà ká gbogbo ibi. Ọ̀gá rẹ̀, Tedder, ní kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó sì lọ bẹ Patton lójúkojú. Pẹ̀lú Montgomery ní tirẹ̀, ìjà wọn kò tán. Coningham gbà pé ọ̀gágun náà kó gbogbo ògo ogun aṣálẹ̀ sápò ara rẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú, àbí kò ní?

Ọ̀pọ̀ bàálù tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò padà. Nọ́ńbà wà lára bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan, káàdì sì wà fún un ní ọ́fíìsì, tí wọ́n ń kọ ibi tó lọ àti bó ṣe parí sí. Àmọ́ ti àwọn tó wá sí Áfíríkà le. Lórí ọ̀pọ̀ káàdì, ọjọ́ tí bàálù dé Takoradi ni wọ́n kọ, lẹ́yìn náà ọjọ́ tí wọ́n pa á rẹ́ nínú ìwé, kò sí nǹkan míì láàárín. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, ọdún 1942, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 24 kan, Dennis Copping, ń gbé Kittyhawk tó bàjẹ́ lọ fún àtúnṣe ní Íjíbítì. Kò débẹ̀. Àádọ́rin ọdún ni bàálù náà fi wà nínú iyanrìn, kí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo kan tó já lù ú ní ọdún 2012. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré. Àmì wà pé Copping fi páráṣúùtì rẹ̀ ṣe ìbòòji, ó sì tú rédíò jáde. Ó ti kúrò níbẹ̀, ó ti gba inú aṣálẹ̀ lọ.

Coningham la gbogbo ogun náà já. Ó darí bàálù ní Normandy ní ọdún 1944, ó sì fẹ̀yìn tì ní ọdún 1947.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1948, ó wọ bàálù èrò kan tó ń jẹ́ Star Tiger láti London, tó ń lọ sí Bermuda. Iléeṣẹ́ tó ni ín, àwọn tó ti wa bàálù ogun ló pọ̀ jù nínú àwọn awakọ̀ wọn. Èrò 25 àti òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ 29, wọ́n gbéra ní erékùṣù Santa Maria láàárín òkun. Atẹ́gùn ń fẹ́ pàdé wọn, nítorí náà wọ́n fò nílẹ̀, nǹkan bíi 600 mítà lókè omi. Bàálù mìíràn tí iléeṣẹ́ náà ni ti ṣáájú wọn, ìyẹn dé láyọ̀. Lóru, wọ́n wo ìràwọ̀, wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ ti gbé wọn kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n sì tún ọ̀nà ṣe. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 15 òru, wọ́n béèrè lọ́wọ́ Bermuda ibi tí wọ́n wà, wọ́n dá wọn lóhùn, wọ́n ní àwọn gbọ́. Ẹni tó wà nídìí rédíò ní Bermuda tún pè wọ́n ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò gbọ́ ohùn. Ó pè lẹ́yìn aago mẹ́rin, kò gbọ́ ohùn. Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ló tó kígbe pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ 30, oṣù Kìíní, ọdún 1948 nìyẹn. Ọjọ́ náà ni wọ́n yìnbọn pa Gandhi ní Íńdíà, ọjọ́ náà ni Orville Wright, ọkàn nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó kọ́kọ́ fi bàálù fò láyé, kú ní Amẹ́ríkà. Coningham ti pé ọdún 53 ní ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn.

Bàálù 26 wá Star Tiger fún ọjọ́ márùn-ún. Wọn kò rí páńda, wọn kò rí aṣọ, wọn kò rí epo lórí omi. Ìgbìmọ̀ tí Lord Macmillan darí wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé àwọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kìíní ọdún 1949, irú bàálù kan náà tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ náà, Star Ariel, gbéra láti Bermuda lọ sí Jàmáíkà pẹ̀lú èèyàn 20. Òun náà sọnù. Iléeṣẹ́ náà kò tún fi irú bàálù yẹn kó èrò mọ́.

Ìkẹta wọn, Stardust, tó ti sọnù ṣáájú wọn ní ọdún 1947 ní Gúúsù Amẹ́ríkà pẹ̀lú èèyàn 11, wọ́n ti rí i. Inú yìnyín orí òkè Tupungato ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jáde ní ọdún 1998. Ti Star Tiger àti ọ̀gágun tó wà nínú rẹ̀, kò tíì sí ẹni tó rí.