Charles Dickens, Akọ̀ròyìn Ilé-Ẹjọ́

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé àti ẹ̀yin òbí wa, ẹ jẹ́ kí á gbé ìgbésí-ayé Charles Dickens yẹ̀wò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1812. Ní 1824, wọ́n ti bàbá rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè; òun, ọmọ ọdún 12, ń lẹ bébà mọ́ ìgò pólíìṣì bàtà. Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ ìkọ̀wé kíákíá, ó sì di akọ̀ròyìn ilé-ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1836, ó kọ ìròyìn ẹjọ́ tí wọ́n pe Melbourne, olórí ìjọba, sínú ìwé-ìròyìn Morning Chronicle. Nínú ìtàn rẹ̀, Bleak House, ẹjọ́ ogún falẹ̀ títí owó ẹjọ́ fi jẹ ogún náà tán. Ó kú ní 1870. Ẹ̀kọ́ wa ni pé kò gbàgbé ìyà ilé rẹ̀: gègé rẹ̀ di ẹnu aláìlẹ́nu.