Henry Carr àti owó ilé ìwé: ta ló gun orí ebè?

Àwọn àgbà ní àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Bí ọ̀rọ̀ ilé ìwé girama ṣe rí nìyẹn. Ti ìjọba àpapọ̀ wà, ti ìpínlẹ̀ wà, ti ìjọ wà, ti ìlú fúnra rẹ̀ sì wà. Ìdánwò kan náà ni àwọn ọmọ wọn ń ṣe lópin ọdún kẹfà, ṣùgbọ́n owó tí ìjọba ń ná lé wọn lórí kò dọ́gba. Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí rẹ̀. Henry Rawlinson Carr lorúkọ rẹ̀, ìtàn rẹ̀ la sì fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ọdún 1863 ni wọ́n bí i ní Èkó. Sàró ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ìyẹn àwọn ìdílé tí òwò ẹrú gbé dé Freetown kí wọ́n tó padà sílé. Irú wọn náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ẹni tí àwa ará Lọ́kọ́jà kò lè gbàgbé nítorí ilé ìwé tí míṣọ́n rẹ̀ dá sílẹ̀ níbí ní 1865.

Ilé ìwé ìjọ ni Carr ti kàwé ní Èkó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán an lọ sí Freetown, sí ilé ìwé gíga ti Ìjọ Wẹ́sílì, kó tó wọ Fourah Bay College. Ní 1882 ó gba oyè nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, òun sì ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tó gba irú oyè tó ga bẹ́ẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ó ré kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Nígbà tó padà dé ní 1885, iṣẹ́ olùkọ́ ló gbà ní CMS Grammar School, ilé ìwé girama tó dàgbà jù lọ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859. Ní 1889 ló wọ iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n sì fi í ṣe igbákejì alábẹ̀wò ilé ìwé.

Kí a tó máa bá a lọ, ó yẹ kí a mọ bí owó ṣe ń rìn nígbà náà. Ìjọba kò ní ilé ìwé kan tó ṣe gúnmọ́. Àwọn míṣọ́n ló kọ́ ilé, àwọn ló gba tíṣà, àwọn ló ń san owó oṣù. Láti 1877 títí di 1882, ìjọba ń fún CMS, Wẹ́sílì àti Ìjọ Àgùdà ní igba pọ́n-ùn lọ́dọọdún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìpín náà dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò béèrè iye ọmọ tí ìjọ kọ̀ọ̀kan ń kọ́ tàbí bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 àti ti 1887, èyí tó jẹ́ ti Èkó gan-an, ló yí i padà. Láti ìgbà náà, ilé ìwé tó bá fẹ́ owó ìrànwọ́ gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún alábẹ̀wò, iye ọmọ tó ń wá déédéé àti bí wọ́n ṣe mọ̀wé sí ni wọ́n sì ń fi díwọ̀n owó.

Iṣẹ́ Carr nìyí. Òun ni yóò wọ kíláàsì, tí yóò bi ọmọ léèrè, tí yóò wo ìwé orúkọ, tí yóò sì kọ ohun tó rí. Ọmọ ilé ìwé ìjọ ni, síbẹ̀ kò bo àṣìṣe ilé ìwé ìjọ. Ó gbà pé ilé ìwé tí kò lè sanwó fún olùkọ́ gidi, ọmọ olówó ọlọ́mọ ló ń fi ṣòfò. Àwọn kan kórìíra rẹ̀ nítorí èyí, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ le.

Ìwọ̀n náà ní àbùkù tirẹ̀. Ilé ìwé àárín ìlú tí ọmọ pọ̀ sí, tí olùkọ́ rere sì wà níbẹ̀, a máa gba owó púpọ̀, owó náà a sì tún jẹ́ kó dára sí i. Ilé ìwé tálákà a gba díẹ̀, a sì tún tálákà sí i. Àbùkù kejì ni pé ilé ìwé Kristẹni ló ń jẹ owó náà. Àwọn Mùsùlùmí Èkó, tí wọ́n pọ̀ tí wọ́n sì ń san owó orí ọjà bí àwọn yòókù, ń bẹ̀rù pé wọn yóò sọ ọmọ àwọn di onígbàgbọ́. Ní 1896 ni ìjọba dá ilé ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó, tí ti Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì sì tẹ̀ lé e. Ìyẹn fi hàn pé ẹ̀tọ́ kì í ṣe kí a pín owó láàárín àwọn tó ti jókòó sídìí àwo nìkan, ó kan ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ King's College dé. Carr wà lára àwọn tó ronú ètò náà. Wọ́n ní kì í ṣe láti bá ilé ìwé míṣọ́n díje, bí kò ṣe láti gbé ọmọ kọjá ibi tí agbára míṣọ́n mọ. Ní 20 oṣù kẹsàn-án 1909 ni wọ́n ṣí i, ọmọ mẹ́wàá péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àpò ìjọba ni owó rẹ̀ ti ń wá, nígbà tí àwọn ilé ìwé girama yòókù ń fi owó ọmọ, ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì àti owó ìrànwọ́ ìjọba gbéra. A kò lè sọ pé ilé ìwé náà kò wúlò. Ṣùgbọ́n ebè ti wà nílẹ̀, àparò kan sì ti gùn ún.

Ní 1916, lásìkò Lugard, ìjọba tún ìwọ̀n owó ìrànwọ́ ṣe. Nínú ọgọ́rùn-ún, 30 jẹ́ ti ìwà àti ètò ilé ìwé, 20 jẹ́ ti olùkọ́, 40 jẹ́ ti ìdánwò àti ìlọsíwájú, 10 péré ni ti ilé àti ohun èlò. Ó dára tó báyìí: ilé ìwé tí òrùlé rẹ̀ kò dán ṣì lè rí owó bí olùkọ́ rẹ̀ bá mọṣẹ́.

Ní 1918 wọ́n fi Carr ṣe Ajẹ́lẹ̀ Èkó, ipò tó ga fún ọmọ ilẹ̀ wa nígbà náà. Níbẹ̀ ni òun àti Herbert Macaulay ti kọlu ara wọn lórí ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́kọ̀. Macaulay kọ ìwé pé kí Carr kúrò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Èkó sì ka Carr sí èèyàn òyìnbó. Ẹ̀sùn náà kò ṣẹ̀yìn bó ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba tó. Ó fẹ̀yìn tì ní 1924, ó sì kú ní 1945. Ìwé bí 18,000 ló fi sílẹ̀. Ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì di ìpìlẹ̀ ilé ìkówèésí Yunifásítì Ìbàdàn.

Kí ló kan Agbaja nínú èyí? King's College wà lára ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ títí di òní. Ní ìpínlẹ̀ Kogi tiwa, irú wọn wà ní Ugwolawo àti ní Kábbà. Òfin UBE ọdún 2004 fi owó ìjọba àpapọ̀ ran ilé ìwé lọ́wọ́ títí dé ọdún kẹta girama. Láti ọdún kẹrin lọ, ẹrù di ti ìpínlẹ̀ àti òbí. Ọmọ tó ń gun òkè Agbaja wá kàwé àti ọmọ inú ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ yóò jókòó sí ìdánwò kan náà, ṣùgbọ́n ẹrù tí òbí wọn gbé kò dọ́gba.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olórí ìdílé, ìbéèrè Carr ni kí a gbé lọ bá àwọn aṣòfin wa: kí ni ìwọ̀n tí ẹ fi ń pín owó, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ta ni kò sì tíì dé ìdí àwo? Ká kà iye olùkọ́ tó wà ní ilé ìwé wa, ká kà iye ọmọ, ká kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó lọ. Ẹni tó mú ìṣirò lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń dá lóhùn. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.