Joan Eardley, Ayàwòrán Àwọn Ọmọ Àdúgbò

Bí ọmọ wa bá sọ pé ayàwòrán ni òun fẹ́ dà, ọkàn wa kì í balẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn Joan Eardley wá.

Ní Warnham, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1921. Ọmọ Scotland ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀, tí ogun àgbáyé kìíní ti kó ìdààmú bá, pa ara rẹ̀ ní 1929. Nígbà ogun kejì, ìyá kó àwọn ọmọ lọ sí agbègbè Glasgow. Ibẹ̀ ni Joan ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní 1940.

Hugh Adam Crawford kọ́ ọ níbẹ̀. Iṣẹ́ Josef Herman, Júù tó sá wá láti Poland, sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ní 1948, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbé e dé Itálì. Ó wo àwòrán Giotto àti ti Masaccio lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ya àwọn alágbe àti arúgbó tó rí níbẹ̀.

Nígbà tó padà, Townhead, àdúgbò tálákà ní Glasgow, ló ti ń ṣiṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ọmọ jòjòló ló fi ń ti ọ̀dà àti pátákó rẹ̀ kiri. Àwọn ọmọ tí aṣọ wọn ti gbó, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, ni ó ń yà. Inú ìdílé kan ṣoṣo tó bí ọmọ 12 ni púpọ̀ nínú wọn ti wá.

Ó tún ń lọ sí Catterline, abúlé apẹja ní ìlà-oòrùn Scotland. Bí ìjì bá ń jà, ìta etíkun ni yóò dúró sí. Yóò so pátákó rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Koríko àti iyanrìn sì ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ya àwòrán ìgbì òkun tó gbajúmọ̀ ní 1961.

Ní 1963, ẹgbẹ́ àwọn àgbà ayàwòrán Scotland sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ gidi. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ, jẹjẹrẹ ọyàn pa á. Ẹni ọdún 42 ni. Etíkun Catterline ni wọ́n da eérú rẹ̀ sí.

Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú ilé Townhead ayé ọjọ́un, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣì ń wo wá láti ara ògiri ilé àwòrán. A kò ní kí gbogbo ọmọ wa di ayàwòrán o. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń ya àwòrán sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa kí á tó pè é ní eré lásán.